Fóònù Tó Kún Dẹ́nu

Sájẹ́ǹtì ti nawọ́ láti pa fóònù náà kí ọ̀gá rẹ̀ tó dá a dúró.

"Fi sílẹ̀. Tí o bá pa á, ohun tó ń rántí máa bá a lọ."

Sájẹ́ǹtì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí kì í pariwo, kì í sì í sáré, ìdí nìyẹn tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá fi ń pè é ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá okùn iná, ó kì í bọ fóònù náà lẹ́nu. Iná tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lókè gíláàsì rẹ̀, ìkìlọ̀ kan wà tó kọ̀ tí kò lọ: Ibi ìpamọ́ ti kún.

Ọmọbìnrin kan ló ni fóònù náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń tọ́jú páálí ẹja nínú yàrá yìnyín ilé-iṣẹ́ kan. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá náà, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń mí nígbà tí wọ́n gbé e. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ló kú, lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Dókítà sọ fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta tí ọmọ náà kò ti mọ ara rẹ̀ mọ́. Ó tún sọ gbólóhùn kan tí obìnrin náà kò fẹ́ gbọ́: ká ní wọ́n gbé e dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú, òun ì bá gbà á là.

Lójú Sájẹ́ǹtì, ẹjọ́ náà kò ṣòro. Ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ náà ló máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá yìnyín láti ìta nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ irin kan wà nínú, tí ẹni tó bá há síbẹ̀ lè fi ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti dán ọwọ́ irin náà wò láàárọ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló wá dé tí ọmọ náà kò fi jáde? Àfi kí ọlọ́dẹ ti fi àgádágodo há ìdábùú ìta. Wọ́n ti ti bàbá náà mọ́lé, Sájẹ́ǹtì sì ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ́kàn.

"Ọ̀rọ̀ yìí yá jù," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Pe ìyá rẹ̀ wọlé."

Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà. Ó wọlé pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn, kò rántí pé ó wà níbẹ̀. Ọmọ méjì péré ló bí láyé. Èyí tó kù ló dì í lápá wọlé, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ òtútù ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan náà, tí tẹrú tọmọ ń pè ní Ẹnjiníà. Òun ló rí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, òun ló sì pariwo pé kí wọ́n gbà á. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọn kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, ó ní kí Ẹnjiníà lọ sinmi díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ìta. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ìyá bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù náà.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ìyá wí. "Àmì kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sórí tèmi àti tirẹ̀, kí n má baà máa gbàgbé." Ó fi ìka fa ilà lórí gíláàsì, fóònù ṣí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ sẹ́tíńgì, ó tẹ ibi ìpamọ́. Fóònù onígígábáìtì méjìlélọ́gbọ̀n ni, kò sì sí àyè tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọ inú rẹ̀. Ohun tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ gba bíi mọ́kànlá. Àwòrán kò tó gígábáìtì kan. Fídíò nìkan gba ogún.

"Fíìmù," ni Sájẹ́ǹtì sọ látẹ̀yìn. "Fíìmù ló ń wò lẹ́nu iṣẹ́ tí kò fi gbọ́ nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ fídíò kan. Òrùlé ilé ló kọ́kọ́ hàn, òrùlé lásán. Lẹ́yìn náà ni imú ìyá aránṣọ yọ, tí ohùn rẹ̀ ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, tí ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń dá sí i. Ó tẹ òmíràn, òrùlé náà ni. Ó lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin wọn.

"Èmi nìyẹn," ni ìyá wí. Ó ṣàlàyé pé ní ìdájí ọjọ́ gbogbo, bí òun bá ti ki òwú bọ ẹ̀rọ tán, òun á gbé fóònù ti kẹ̀kẹ́ òwú, òun á fi fídíò kí ọmọ òun tó ń dá gbé, òun á sì fi ránṣẹ́ sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́. Fóònù á ṣubú, òun kì í sì í tètè rántí dá a dúró, òun á kàn máa rán aṣọ lọ. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a jà pé kó pa wọ́n rẹ́, pé wọ́n ti kún fóònù. Ó kọ̀. Ó ní ìgbà tí mi ò bá sí mọ́, kí lòun máa máa gbọ́?"

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá fídíò náà dúró. Ó ní kí ìyá lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti padé ló tẹ ojú ewé kejì, ti ọpọlọ fóònù. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ṣàlàyé fún Sájẹ́ǹtì pé ibi ìpamọ́ ni àpótí aṣọ, ohun tí èèyàn bá kó síbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọpọlọ fóònù ní tirẹ̀ ni orí tábìlì, ohun tí èèyàn ń lò lọ́wọ́ ló ń gbé síbẹ̀. Fóònù a sì máa rántí áàpù tó jókòó sórí tábìlì náà láàárín wákàtí mẹ́ta, mẹ́fà, tàbí méjìlá sẹ́yìn.

Ó kọ́kọ́ wo wákàtí méjìlá. Kámẹ́rà ló wà lókè pátápátá. Ó padà sí ibi fídíò àti àwòrán nínú sẹ́tíńgì, ó wá ohun tí kámẹ́rà náà yà ní òru àná, kò rí ẹyọ kan. Ó yé e lójú ẹsẹ̀, kò sì wù ú kó yé e. Ọmọ náà ti ṣí kámẹ́rà nínú òtútù, ó fẹ́ sọ nǹkan sínú rẹ̀, fóònù sì ní kò sí àyè.

"Ọ̀gá, kí lẹ rí?"

"Mo ń bọ̀."

Ó wo wákàtí mẹ́ta. Kámẹ́rà kò sí níbẹ̀ mọ́. Áàpù tí wọ́n ń kó àwòrán sí ló wà lókè, bẹ́ẹ̀ inú sẹ́tíńgì nìkan ló ti ń wo nǹkan, kò tíì ṣí ibẹ̀.

"Wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn," ni ó wí, "kò ì tíì tó aago mẹ́fà àárọ̀. Dókítà ní ọmọ yìí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ tó wá gbé e ló di fóònù sínú àpò láti aago méje títí tó fi dé ọwọ́ wa. Ta ló wá ń wo àwòrán?"

Sájẹ́ǹtì ní ọlọ́dẹ ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n lọ bi í.

Bàbá ọlọ́dẹ jókòó sórí pákó nínú àtìmọ́lé, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni pé ilé onílé ló wọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun pe ọmọ náà nírọ̀lẹ́ àná kí òun tó ti ilẹ̀kùn. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀, kò dáhùn, òun rò pé ó ti gba ẹ̀yìn lọ sílé. Òun kò fi àgádágodo kankan sí i.

"Ọmọ tó ń pè mí ní Bàbá," ó wí, "kí n wá há a mọ́ inú yìnyín nítorí kí ni?"

Ó tún sọ pé aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ẹnjiníà wọlé láàárọ̀, láti wá wo ẹ̀rọ bó ṣe máa ń ṣe, àti pé aago méje ku díẹ̀ ló tó pariwo. Sájẹ́ǹtì béèrè ìwé géètì. Bàbá ní òun kò kọ ọ́ síbẹ̀, Ẹnjiníà kì í fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ bí àlejò.

"Ó ń wá ẹni tó máa ti ẹ̀bi sí lọ́rùn," ni Sájẹ́ǹtì sọ sí ọ̀gá rẹ̀ létí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀ síwájú. Ó bi bàbá bóyá ọmọ náà gbádùn àwòrán yíyà.

"Àwòrán kẹ̀? Ọwọ́ ilẹ̀kùn nìkan ni mo rí i tó ń yà. Ọwọ́ inú yẹn ti kán tipẹ́. Ó ní òun máa fi han máníjà, lẹ́yìn náà ó tún ní òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹni òun ló máa bá a lọ."

Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ti kán tipẹ́, tó wá ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ padà sí ọ́fíìsì, ó yẹ gbogbo àwòrán inú fóònù wò, kò rí ọwọ́ ilẹ̀kùn kankan. Ó wá ṣí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé ó wà. Àwòrán tí wọ́n bá pa rẹ́ kì í kú lọ́jọ́ náà, inú apẹ̀rẹ̀ yìí ló ń bọ́ sí, á sì lo ọgbọ̀n ọjọ́ níbẹ̀.

Àwòrán márùn-ún ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù kọ ọ́ pé ó ku ọgbọ̀n ọjọ́. Òní ni wọ́n pa wọ́n rẹ́. Ọwọ́ irin ilẹ̀kùn ló wà nínú márààrún, ó ti dá, ó ku kùkùté ìpẹta lára ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọ náà ya ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ló ya ti ìkẹyìn.

Wọ́n wakọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Máníjà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rù ń bà, mú ìwé àtúnṣe wá. Ẹnjiníà ti fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé òun ti pààrọ̀ ọwọ́ inú. Nínú yàrá yìnyín, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀kùn náà. Yìnyín funfun bo gbogbo bóòtì tó wà lára rẹ̀, àfi méjì tó di ọwọ́ irin mú. Àwọn yẹn ń dán. Nílẹ̀, níbi tí ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí, ó ti tẹ́ páálí sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì fi òmíràn bo ẹsẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró wo àwọn páálí náà títí Sájẹ́ǹtì fi ní ọwọ́ òun ti ń kú.

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni," ni Sájẹ́ǹtì wí nínú ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"A ní àwòrán, a ní bóòtì. Ṣùgbọ́n ó máa sọ pé àná ni òun pààrọ̀ rẹ̀, pé ọmọ náà ló pa àwòrán rẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó ṣí ilẹ̀kùn ni mo ń wá. Ọlọ́dẹ ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, Ẹnjiníà ní aago méje ku díẹ̀. Ta ni adájọ́ máa gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

Ìyá ṣì wà lórí bẹ́ńṣì nígbà tí wọ́n dé. Ó ti gbé orí lé èjìká ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pè é wọlé, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó fi fídíò ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

"Mo fi ránṣẹ́ o. Mi ò kúkú mọ̀." Ìyá yọ fóònù tirẹ̀ láti inú àpò. Ara rẹ̀ yá díẹ̀, bí ẹni tó rí ohun tó lè fi ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ wò ó. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àmì méjì ló sì yọ, tó túmọ̀ sí pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, ọmọ mi ti jí nìyẹn."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba fóònù, ó tẹ fídíò náà mọ́lẹ̀ kó lè rí àlàyé rẹ̀. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló dé orí fóònù ọmọ náà. Irin ni ògiri yàrá yìnyín, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í wọ ibẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Ìyẹn ni ọmọ náà kò fi lè pe ẹnikẹ́ni láti ìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ó máa ran yín lọ́wọ́ láti mú ọlọ́dẹ yẹn?" ni ìyá béèrè.

"Ó máa ràn wá lọ́wọ́, Mà," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ẹnjiníà jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í nípa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ọkùnrin náà ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi àwòrán ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn hàn án, Ẹnjiníà ní ó jọ pé ó tún kán, òun sì tún un ṣe lánàá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni òun ti rí àwòrán náà.

"Ó pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ nìyẹn, Mà. Fóònù rẹ̀ ti kún. Àyè ló ń wá."

"Ẹni tó ń wá àyè nínú yàrá, àpótí ńlá ló ń gbé síta, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Àwòrán márùn-ún yìí kò gba nǹkan kan. Ogún gígábáìtì fídíò wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kan ọ̀kan. Ẹni tó pa abẹ́rẹ́ márùn-ún rẹ́ kò wá àyè. Abẹ́rẹ́ ló fẹ́ kó sọnù."

Ẹnjiníà fa ọwọ́ kúrò lórí tábìlì.

"Aago mélòó lo ṣí ilẹ̀kùn?"

"Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti sọ ọ́."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé fóònù ìyá rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí àkókò tó wà níbẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìkíni yìí hàn lókè gíláàsì nígbà tí o di fóònù náà mú. Orúkọ ta lo rí níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo fóònù.

"Màámi."

Ìyókù tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìsí ìbéèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọwọ́ irin tuntun náà fi wà nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí ìwé kó tó ṣe é, ó ní ọ̀la lòun máa ṣe é. Àbúrò rẹ̀ ń rán an létí, ó ń sọ pé ọ̀la. Láàárọ̀ ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bá a nílẹ̀, ara rẹ̀ tutù bí ẹja tó wà nínú páálí. Ó rò ti ìwé tó fọwọ́ sí. Ó gba fóònù, ó pa àwòrán rẹ́, ó lọ gbé ọwọ́ irin wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de bóòtì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bóòtì ń bọ́ sílẹ̀. Ohun tí ì bá gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá gba ogójì.

"Mo rò pé ó ti kú," ó wí. "Mà, mo rò pé ó ti kú. Mi ò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ìgbà tí àwọn tó gbé e pariwo pé ó ń mí…" Kò parí rẹ̀. Ó dojú dé tábìlì.

Sájẹ́ǹtì lọ ṣí àtìmọ́lé, ó bẹ bàbá ọlọ́dẹ. Bàbá wọ bàtà rẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó béèrè bóyá wọ́n ti gbé ọmọ náà kúrò lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lọ.

Nígbà tí wọ́n mú Ẹnjiníà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ìyá dìde. Ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò lè wò ó. Ìyá yíjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni tí fóònù òun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yé e. Kò ké. Ó jókòó padà sórí bẹ́ńṣì, ó ń yí téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jókòó tì í. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nítorí kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu àjèjì ló ti máa gbọ́. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ méjì," ni ìyá wí. Ó yọ téèpù náà kúrò lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò bọ̀, ṣé kò gbìyànjú láti bá mi sọ̀rọ̀? Kò sọ nǹkan kan sínú fóònù yẹn sílẹ̀ dè mí?"

Ọgbọ̀n ọdún ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti fi ń mú òpùrọ́. Ó rántí kámẹ́rà tó wà lókè pátápátá, ó rántí ogún gígábáìtì òrùlé àti oríkì.

"Rárá, Mà," ó wí. "Oorun ló gbé e lọ. Kò rí àkókò."

Ìyá mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti àárọ̀ yìí ńkọ́, tí mo fi ránṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lórí tirẹ̀."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú fóònù ọmọ náà wá, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kejì. Fídíò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwòrán òrùlé tó ṣókùnkùn. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní fídíò náà kò lè wọlé, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ pa nǹkan rẹ́. Ẹ̀rí sì ni fóònù náà báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí.

"Kí ló sọ?" ni ìyá béèrè. Kò mú awò ojú rẹ̀ dání.

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, Mà," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. Ó dojú fóònù náà dé orí itan rẹ̀, ó sì di ọwọ́ ìyá mú.